Bẹ́ẹ ṣe lè kọ́ ọmọ yín láti ka Yorùbá nílé

Ẹ̀yin òbí mi, nígbà témi wà ní primary, ẹni tó bá sọ Yorùbá ní kíláàsì, fáìnì ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ ẹ̀, torí ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ṣe gbọ́ Yorùbá dáadáa àmọ́ tá ò lè ka ìwé ẹ̀ geere. Mi ò fẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀ fọ́mọ mi rárá, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ fúnra mi nílé.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń bẹ̀rù pé ó máa ba òyìnbó ọmọ jẹ́, ẹ fọkàn balẹ̀ jàre. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní yunifásítì Ifẹ̀ ti dán an wò ní iléèwé kan ní Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, gbogbo ẹ̀, fún ọdún mẹ́fà gbáko, òyìnbó wá jẹ́ sọ́bújẹ́ẹ̀tì kan tó ní tíṣà tiẹ̀, àwọn ọmọ yẹn ò sì kẹ́yìn nínú òyìnbó. Ìjọba àpapọ̀ gan-an ní 2022 ní èdè abínibí ni kí wọ́n máa fi kọ́ ọmọ ní primary, ní 2025 wọ́n tún fagi lé e. Ẹ má dúró dè wọ́n.

Etí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kọ́, kì í ṣe ojú. Èmi máa ń fi ṣíbí lu tábìlì fọ́mọ mi, dò fún ohùn ìsàlẹ̀, re fún ti àárín, mi fún ti òkè: igba, bíi igba náírà, re re. Igbá tá a fi ń bu omi, re mi. Ìgbà òjò, dò dò. Igbà tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ, re dò. Tó bá yá mo máa pa ẹnu dé, màá kàn kùn ún, òun á wá sọ èwo ni. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ mọ igbà tọlọ́pẹ, ó fò sókè, inú mi dùn débi pé omi bọ́ lójú mi. Tó bá ti gbọ́ ọ báyẹn, àmì orí ọ̀rọ̀ ò ní ṣòro fún un mọ́, torí ó ti mọ nǹkan tó ń ṣe.

Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ wá fi lẹ́tà 25 hàn án. Ẹ tẹnu mọ́ e àti ẹ, o àti ọ, s àti ṣ, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó mọ̀ pé gb ò kí ń ṣe lẹ́tà méjì. Orúkọ ọmọ fúnra ẹ̀ ni kó kọ́kọ́ kọ, tàmì-tàmì.

Ìwé kíkà wá ńkọ́? Ẹ pa àlọ́ fún un lálẹ́, lọ́jọ́ kejì kó pa á padà, kẹ́ ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́, ìlà mẹ́ta péré tó. Èyí tó jáde lẹ́nu ẹ̀ ló máa kọ́kọ́ kà, kò sì ní sú u torí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ni. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù, Gboard ní kíbọọ̀dù Yorùbá.

Tẹ́ ẹ bá ní ìwé àtijọ́ nílé, ẹ ṣọ́ra díẹ̀ o, ẹ máa rí "aiye", "enia", "nwọn" níbẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ kí wọ́n tó tún àkọtọ́ ṣe ní 1974 nìyẹn, ẹ sọ fọ́mọ pé ayé, ènìyàn àti wọ́n là ń kọ báyìí, kẹ́ ẹ sì máa kà á lọ.