Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Kíkọ Ìtàn Gémù Alápá Púpọ̀

Nílùú Ìlọrin, bí onídàdàkúàdà bá ń ki ènìyàn lójú agbo, tí ó sì ṣèèṣì fi bàbá onílé kan sínú oríkì ilé mìíràn, kò ní pẹ́ tí àgbà kan yóò fi dá a lẹ́kun, tí yóò sì tún un ṣe fún un. Etí àwọn tí ó jókòó ni ó ń ṣọ́ ẹnu akéwì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ rí fún ẹni tí ó bá ń kọ ìtàn fún gémù tí ó ní apá méjì tàbí mẹ́ta. Àwọn tí ń gbá gémù náà ti lo ọ̀pọ̀lọpọ̀ wákàtí nínú rẹ̀; wọ́n mọ ẹni tí ó kú, wọ́n mọ ẹni tí ó ṣèlérí, wọn kò sì gbàgbé ẹni tí ó sá. Àwọn ọ̀dọ́ tí mo ń bá pàdé ní Tanke, ní Ọ̀fà àti ní Òmù-Àrán ni mo ń kọ èyí sí, àwọn tí gbígbá gémù nìkan kò tẹ́ lọ́rùn mọ́, tí wọ́n fẹ́ kọ ìtàn àròsọ onísáyẹ́ǹsì tiwọn.

Mass Effect ni ọ̀wọ́ gémù tí n ó fi ṣe àpẹẹrẹ. Ilé-iṣẹ́ BioWare ní orílẹ̀-èdè Kánádà ni ó ṣe é. Apá kìíní jáde ní ọdún 2007, apá kejì ní 2010, apá kẹta ní 2012. Kọmáńdà Shepard ni olú ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀. Ó ń kó ènìyàn àti àwọn ìran mìíràn tí ń gbé inú òfuurufú jọ sínú ọkọ̀ kan tí ń jẹ́ Normandy, kí wọ́n lè dojú kọ àwọn Reaper, ìyẹn àwọn ẹ̀rọ abẹ̀mí tí ń padà wá ní nǹkan bí 50,000 ọdún síra wọn láti pa gbogbo ẹ̀dá tí ó ti lajú run. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí gidigidi. Nítorí pé mo fẹ́ràn rẹ̀ ni ibi tí ó ti kọsẹ̀ fi ń dùn mí títí di òní, ibẹ̀ sì ni mo ti kọ́ púpọ̀ nínú ohun tí mo mọ̀.

Ẹ má ṣe yí òfin ayé ìtàn yín padà láìwo ẹ̀yìn

Nínú apá kìíní, ìbọn kì í béèrè ọta lọ́wọ́ ẹni tí ó gbé e. Bí a bá ń yìn ín léraléra, yóò gbóná, a ó sì ní sùúrù kí ó tutù. Nígbà tí apá kejì dé, àwọn òǹkọ̀wé mú ohun kékeré kan wọlé tí ń gba ooru ìbọn sára. Bí ó bá ti kún, a ó yọ ọ́ sọnù, a ó sì máa ṣa òmíràn nílẹ̀ kiri. Wọ́n ṣàlàyé pé àwọn ológun gba ọ̀nà tuntun yìí láàárín ọdún méjì tí Shepard kò fi sí láyé, kí wọ́n tó jí i dìde, nítorí pé ó ń jẹ́ kí ìbọn yára sí i. Àlàyé náà mọ́gbọ́n wá, èmi kò sì bá wọn jà lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú apá kejì yìí kan náà, a bá Jacob, ọ̀kan nínú àwọn alábàárìn Shepard, lọ wá bàbá rẹ̀, ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀, Hugo Gernsback, ti já sórí pílánẹ́ẹ̀tì àdádó kan láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbúròó wọn láti ìgbà náà. A débẹ̀, a bá wọn jà, ohun agbooru tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ mú wọ ayé ìtàn náà sì ń já bọ́ lára wọn. Ta ni ó gbé e dé ọ̀dọ̀ wọn?

Ẹ wo ibi tí àṣìṣe náà sá pamọ́ sí. Àwọn òǹkọ̀wé rántí òfin àtijọ́, wọ́n sì rántí láti ṣàlàyé òfin tuntun. Ẹni tí kò sí nílé nígbà tí òfin yí padà ni wọ́n gbàgbé. Nítorí náà, bí ẹ bá ń kọ òfin ayé ìtàn yín sínú ìwé, tí ó sì yẹ kí ẹ kọ ọ́, ẹ kọ ọjọ́ tí òfin kọ̀ọ̀kan bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ orúkọ àwọn tí ó mọ̀ nípa rẹ̀, kí ẹ sì wá gbogbo ẹ̀dá-ìtàn tí ó wà lẹ́wọ̀n, tí ó sọnù, tí ó sùn tàbí tí ó wà lájò ní ọjọ́ náà.

Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta kan gbé ìtàn tiwọn wá bá mi lọ́dún tó kọjá. Wọ́n gbé e ka orí àwọn ère òkúta Èsìẹ́, tí iye wọn lé ní 1,000, tí ìtàn àtẹnudẹ́nu sì sọ pé àlejò ni wọ́n tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó di òkúta. Nínú gémù àwọn ọ̀dọ́ yìí, inú òfuurufú ni àwọn àlejò náà ti wá, wọn kì í sì í lè sọ̀rọ̀ àfi ibi tí oòrùn kò bá dé. Èrò tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n ní apá kejì, ọ̀kan nínú àwọn òkúta náà la ẹnu ní ọ̀sán gangan láàárín pápá, kìkì nítorí pé ìjà tí wọ́n fẹ́ kọ bọ́ sí ọ̀sán. Nígbà tí mo béèrè ìdí, wọ́n ní kò sí ẹni tí yóò rántí. Mo sọ fún wọn pé àwọn tí ó fẹ́ràn apá kìíní jù lọ gan-an ni yóò kọ́kọ́ rántí.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ènìyàn yí ẹ̀yìn padà láìnídìí

Èyí wúwo ju ti ìbọn lọ, nítorí pé ọkàn ẹ̀dá-ìtàn ni ó kàn. Ó yẹ kí àwa ará Ìlọrin mọ̀ ọ́n dáadáa. Afọ̀njá jẹ́ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti jagun fún Aláàfin, síbẹ̀ ó kọ̀yìn sí Aláàfin Aólẹ̀. Ẹni tí ó bá ń sọ ìtàn náà kì í fò ó kọjá bí ẹni pé Afọ̀njá jí lówùúrọ̀ ọjọ́ kan ó sì yí padà. Yóò sọ ti ìfura tí ó wà láàárín òun àti ààfin, yóò sọ ti ogun tí wọ́n dá sílẹ̀ tí Afọ̀njá gbà pé ìparun òun ni wọ́n fi ń wá, yóò sì sọ ti àwọn ìjòyè tí wọ́n ti kẹ́yìn sí Aólẹ̀. Yálà olùgbọ́ fara mọ́ ọn tàbí kò fara mọ́ ọn, ó rí ọ̀nà tí ọkàn ọkùnrin náà gbà.

Ẹ wá wo ẹgbẹ́ Cerberus. Nínú apá kìíní, ọ̀tá ni wọ́n jẹ́ fún wa. Wọ́n ń fi àwọn alààyè ṣe ìdánwò, wọ́n sì pa Admiral Kahoku tí ó ń tọpasẹ̀ wọn. Gémù náà gbà wá láàyè láti yan irú ìgbésí ayé tí Shepard ti gbé, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì ni pé òun nìkan ni ó yè nígbà tí àwọn ọmọ ogun tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀ kú tán lórí pílánẹ́ẹ̀tì Akuze. Ẹni tí ó bá yan èyí yóò tún ṣàwárí, nínú apá kìíní yìí náà, pé ọwọ́ Cerberus wà nínú ikú wọn. Nígbà tí apá kejì bẹ̀rẹ̀, Shepard kú, Cerberus jí i dìde, wọ́n fún un ní ọkọ̀, ó sì ń bá wọn ṣiṣẹ́. Shepard tí ó ti Akuze bọ̀ kò rí gbólóhùn gidi kan sọ nípa àwọn òkú rẹ̀. Àṣìṣe ńlá ni mo ka èyí sí. Kò pọn dandan kí ó kọ iṣẹ́ náà. Ó lè gbà á nítorí pé ewu tí ń bọ̀ pọ̀ ju ìbínú rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n fún un ní ẹnu láti fi sọ ọ́.

Ẹni tí wọ́n fún lẹ́nu ni Ashley tàbí Kaidan, alábàárìn Shepard, èyíkéyìí nínú àwọn méjèèjì tí a bá gbà là nínú apá kìíní. Nígbà tí ó tún fojú kan Shepard lórí pílánẹ́ẹ̀tì Horizon, inú rẹ̀ dùn fún ìṣẹ́jú díẹ̀, lẹ́yìn náà ó béèrè ohun tí ó pa Shepard àti Cerberus pọ̀, ó bínú, ó sì kọ̀ láti tẹ̀ lé e. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó gbá gémù náà bínú sí ìran yìí, wọ́n ní ọ̀rẹ́ àtàtà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi gbà pé òun ni ìran tí ó jẹ́ òótọ́ jù lọ nínú apá kejì, nítorí pé ohun tí Shepard àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ jọ fojú rí ni ó mú kí ó kọ̀.

Ẹ má ṣe sọ ìdúróṣinṣin di ọjà

Ní apá kejì, àwọn alábàárìn lè tó 12, olúkúlùkù wọn ni ó sì ní iṣẹ́ kan tí ó fẹ́ kí Shepard bá òun ṣe. Ẹni tí a kò bá bá ṣe é sún mọ́ ikú púpọ̀ nínú ogun ìkẹyìn. Láti ìgbà náà ni àwọn tí ń kọ ìtàn gémù ti ń ṣe àfarawé rẹ̀, ṣùgbọ́n èèpo ni púpọ̀ nínú wọn mú. Wọ́n rò pé bí a bá ti bá ènìyàn gbé ẹrù kan wá láti ibì kan, ó ti di tiwa nìyẹn, bí ìgbà tí a san owó tí a gba ọjà.

Ẹ jẹ́ kí a wo ti Tali, ọ̀kan nínú àwọn alábàárìn náà, dáadáa. Àwọn ènìyàn rẹ̀ fi ẹ̀sùn ọ̀dàlẹ̀ kàn án, Shepard sì di agbẹjọ́rò rẹ̀. Bí a ti ń wá ẹ̀rí kiri, a rí i pé bàbá rẹ̀ tí ó ti kú ni ó jẹ̀bi. Ẹ̀rí yìí lè dá a láre, ṣùgbọ́n Tali bẹ̀ wá pé kí a má ṣe gbé e jáde, nítorí pé yóò ba orúkọ bàbá òun jẹ́ títí láé. Bí a bá gbé e jáde láti gbà á là, ó bọ́ nínú ẹjọ́, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ wa. Bí a bá pa ẹnu mọ́ tí wọ́n sì lé e kúrò nílùú, ó di tiwa tọkàntọkàn. Ọ̀nà kẹta wà fún Shepard tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ bá lágbára, ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì àkọ́kọ́ yẹn ni ó kọ́ mi ní nǹkan. Ohun tí Tali kà sí pàtàkì jù ni a dáàbò bò, àní bí ó tilẹ̀ ṣe é ní ìpalára. Nínú ilẹ̀ tí wọ́n ti ń fi oríkì bàbá pe ọmọ láràárọ̀, mi ò rò pé ẹnikẹ́ni nínú wa nílò àlàyé.

Àṣìṣe tí ó tẹ̀ lé e ni pé kí alábàárìn má ní ohun kankan láyé ju olú ẹ̀dá-ìtàn lọ. Ní pílánẹ́ẹ̀tì Virmire, nínú apá kìíní, alábàárìn wa Wrex, tí ó jẹ́ ìran krogan, gbọ́ pé a fẹ́ fọ́ ilé tí ìwòsàn àrùn tí ń pa ọmọ inú ìran rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ó gbé ìbọn sójú Shepard. A ti bá a jagun, a ti bá a ṣeré, síbẹ̀ ó lè kú níbẹ̀ bí a kò bá mọ bí a ṣe ń bá a sọ̀rọ̀. Ìgbà náà ni mo tó mọ iye tí títẹ̀lé tí ó ń tẹ̀ lé wa ti ń ná an.

Ẹ má ṣe bi ènìyàn ní ìbéèrè tí ẹ kò ní fi ìdáhùn rẹ̀ ṣe nǹkan kan

N kò ní pẹ́ lórí èyí. Nínú apá kìíní, a lè pa ayaba àwọn Rachni, ìran kan tí ó jọ kòkòrò, tàbí kí a dá a sílẹ̀, a sì lè sọ pé Anderson ni kí ó di aṣojú ènìyàn nínú ìgbìmọ̀, kí ó má ṣe jẹ́ Udina. Ní apá kẹta, bí a bá ti pa ayaba náà, àwọn Reaper ṣe òmíràn rọ́pò rẹ̀. Bí a bá sì ti yan Anderson, Udina náà ni a ó bá lórí àga. Bí ẹ kò bá ní agbára láti gbé ẹ̀ka ìtàn méjì, ẹ má ṣe la ọ̀nà méjì níbẹ̀. Ọ̀wọ́ gémù yìí kan náà fi hàn pé ó ṣeé ṣe: ìwé ìwádìí tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Maelon ṣe lórí ìwòsàn àrùn àwọn krogan, tí a tọ́jú tàbí tí a parun ní apá kejì ni ó ń sọ bóyá obìnrin krogan tí ń jẹ́ Eve yóò yè ní apá kẹta.

Ẹ má ṣe sọ olóòótọ́ di ìsáǹsá ní òpin ìtàn

Ní ìbẹ̀rẹ̀ apá kejì, nígbà tí ọ̀tá fọ́ ọkọ̀ Normandy, Joker tí ó ń wa ọkọ̀ náà kọ̀ láti fi í sílẹ̀. Shepard padà wọlé láti fà á jáde, ibẹ̀ sì ni Shepard kú sí. Gbogbo ohun tí ó tẹ̀ lé e, orí àìgbọdọ̀sá Joker ni ó dúró lé. Nígbà tí apá kẹta jáde ní oṣù kẹta ọdún 2012, ohun tí a rí ní òpin rẹ̀ ni pé Shepard wà lójú ogun, Joker sì ti ń gbé ọkọ̀ sá lọ. Kò sí ẹni tí ó sọ ìdí rẹ̀ fún wa. Ọkọ̀ náà já sórí pílánẹ́ẹ̀tì kan, ilẹ̀kùn ṣí, àwọn alábàárìn tí wọ́n ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ Shepard nínú iná ní ìṣẹ́jú díẹ̀ ṣáájú sì lè jáde láti inú rẹ̀. Báwo ni wọ́n ṣe dé inú ọkọ̀? Ṣé wọ́n fi í sílẹ̀ ni?

Ariwo pọ̀ lórí òpin yìí, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì dá lórí àwọn òpin aláwọ̀ mẹ́ta tí wọ́n ní kí a yàn láàárín wọn. Ní tèmi, ti Joker ni ó dùn mí jù. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, ilé-iṣẹ́ náà gbé àfikún kan jáde lọ́fẹ̀ẹ́. Nínú rẹ̀, Normandy sọ̀ kalẹ̀ láti gbé àwọn tí ó fara pa, Shepard fúnra rẹ̀ ni ó ní kí wọ́n lọ, àwọn ọkọ̀ ogun gba àṣẹ láti kúrò níbẹ̀, Joker sì lọ́ra kí ó tó gbà. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni gbogbo rẹ̀, ó sì dá orúkọ rere padà fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àfikún yìí tún mú ìkọlura mìíràn kúrò: ní ọdún 2011, nínú àfikún kan sí apá kejì, wọ́n ti fi hàn wá pé bí ọ̀kan nínú àwọn ẹnu-ọ̀nà ńlá inú òfuurufú tí àwọn ọkọ̀ ń gbà rin ìrìn àjò jíjìn bá fọ́, gbogbo ayé tí ó yí i ká ni yóò parun, àwọn tí ó kú nígbà náà sì lé ní 300,000. Nígbà tí àwọn ẹnu-ọ̀nà náà wá ń bú gbàù ní òpin apá kẹta, ọ̀pọ̀ rò pé gbogbo ẹni tí wọ́n jà fún ti kú. Àfikún náà ni ó jẹ́ kí ó hàn pé wọ́n bàjẹ́ lọ́nà tí ó ṣeé tún ṣe.

Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta mi padà wá ní oṣù tó kọjá. Wọ́n ti gbé ìjà ọ̀sán náà kúrò ní pápá, wọ́n gbé e wọ inú ihò àpáta tí oòrùn kì í dé, òkúta náà sì ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ láìrú òfin kankan. Wọ́n ti kọ ìran kan fún Rónkẹ́, awakọ̀ wọn, níbi tí ó ti gba àṣẹ láti lọ tí ó sì bá ọ̀gá rẹ̀ jiyàn kí ó tó gbéra. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni ó kù tí wọn kò tíì rí ìdáhùn sí, èyí tí ó mú inú mi dùn pé àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ rí i: Ìyábọ̀ ti wà lájò láti àárín apá kìíní, kò sì sí níbẹ̀ nígbà tí àwọn yòókù mọ̀ pé àwọn òkúta ń sọ̀rọ̀, ta ni yóò sọ fún un kí ó tó wọ inú ihò náà?