Bí ẹ ṣe lè ka ìtàn Ìjọ, kí ẹ sì fi gbàdúrà

Bí wọ́n bá ní kí ẹ darí ẹ̀kọ́ ìtàn Ìjọ nírọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, ẹ má ṣe ti Jerúsálẹ́mù bẹ̀rẹ̀. Ní ìjọ Áńgílíkà tiwa, ìdí òkúta ìpìlẹ̀ tó wà lẹ́nu ọ̀nà la ti bẹ̀rẹ̀. Orúkọ ta ló wà lára rẹ̀? Ta ló fi ilẹ̀ sílẹ̀? Ẹ ní kí akọ̀wé ìjọ gbé ìwé ìrìbọmi àtijọ́ jáde, kí ẹ sì rán àwọn ọ̀dọ́ lọ fi fóònù gba ohùn àwọn ìyá àgbà sílẹ̀ nílé wọn.

Ohun kan wà tí n kì í fi ṣeré: inú ìtàn tí ẹ kà lálẹ́ yẹn ni kí àdúrà alẹ́ yẹn ti jáde.

Ẹ wo ti Sámúẹ́lì Àjàyí Crowther. Gbogbo wa la mọ̀ pé wọ́n fi jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, ibẹ̀ la sì máa ń sáré lọ. Ẹ má kánjú. Ní 1821 ni wọ́n kó o lẹ́rú ní Òṣogùn. Ní 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú lójú omi, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró (Sierra Leone). Ó di 1846, ní Abẹ́òkúta, kó tó tún fojú kan Àfàlà, ìyá rẹ̀. Ẹ dá ìwé kíkà dúró níbẹ̀. Ẹ ka Sáàmù 126, kí ẹ wá béèrè ẹni tí ń wá ará ilé rẹ̀: ọmọ tó gba aṣálẹ̀ Líbíà lọ tí kò pè mọ́, ẹ̀gbọ́n tí wọ́n jí gbé. Ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀, kí ẹ sì dá wọn lórúkọ níkọ̀ọ̀kan nínú àdúrà. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó kà á pé ní 1848, ìyá Àjàyí ṣe ìrìbọmi, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hánà. Orúkọ ìyá Sámúẹ́lì inú Bíbélì, àbí?

Ti 1918 ló máa ń gbóná jù. Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn fulúù ọdún yẹn, àwọn kan ní ìjọ St. Saviour, Ìjẹ̀bú-Òde, kó ara wọn jọ láti gbàdúrà. Joseph Shadare àti Sophia Odunlami wà nínú wọn, ibẹ̀ sì ni ọ̀kan lára gbòǹgbò àwọn ìjọ Aládùúrà ti yọ. Ẹnì kan á ní òògùn, ẹlòmíràn á ní ìgbàgbọ́. Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, mo ní èrò tèmi, mo sì máa ń gbé e mì. Ẹ pe ọmọ ìjọ C.A.C. tàbí Kérúbù kan wá, kó darí àdúrà bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ wọn. Ẹ dìde dúró, kí ẹ gbóhùn sókè.

Bí ẹ bá padà sí ìgbà ìjímìjí, Didache, ìwé ẹ̀kọ́ àwọn Kristẹni ìgbà ìjímìjí, ní kí onígbàgbọ́ máa gba Àdúrà Olúwa lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́. Ẹ gbé áláàmù sórí fóònù, kí ẹ dán an wò fún ọ̀sẹ̀ kan.

Wákàtí kan tó. Ojú ìwé kan ni kí ẹ tẹ̀, lẹ́tà ńláńlá. Bí fíkárì bá wá, ẹ fún wọn ní àga, ẹ má fún wọn ní máìkì. Ẹni tó bá ní “mo gbọ́ pé,” ẹ bi í níbi tó ti gbọ́ ọ. Kí ẹ sì tó túká, ẹ fa ìwé kíkà ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lé ẹnì kan lọ́wọ́, pàápàá ẹni tí kì í sọ̀rọ̀.