Ìwé gbèsè yín ni kí ẹ fi kọ́ kọ̀ǹpútà

Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí bí èmi aláńkárá Gbági ṣe mọ kọ̀ǹpútà lò láìlọ kíláàsì kankan, ẹ gbọ́. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí "kí ni à ń pè ní CPU" (ọpọlọ kọ̀ǹpútà). CPU ò ní bá yín gba gbèsè. Iṣẹ́ ọwọ́ yín ni kí ẹ fi kọ́ ọ.

Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows, ẹ kọ notepad, ẹ tẹ Enter. Ojú ìwé funfun á ṣí. Ẹ máa kọ orúkọ àwọn oníbàárà yín síbẹ̀ títí ọwọ́ á fi mọ kíbọ́ọ̀dù. Bí ẹ bá pa nǹkan rẹ́, ẹ di Ctrl mú, kí ẹ wá tẹ Z, á padà.

Ctrl+S ló ń tọ́jú iṣẹ́, ibẹ̀ sì ni nǹkan ti máa ń dàrú mọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lójú. Wọ́n á tọ́jú fáìlì tán, wọn ò ní mọ ibi tó wọlé sí. Ẹ mú Documents, ẹ fún un lórúkọ tí ẹ máa rántí, bíi "gbese osu kefa". Ẹ pa á dé, ẹ wá a lọ, ẹ ṣí i. Ẹ tún un ṣe títí á fi sú yín. Bátìrì tokunbọ̀ kì í dúró, bí NEPA bá múná lọ, iṣẹ́ tí ẹ ò tọ́jú lè bá a lọ.

Ó wá kan Excel, ètò kọ̀ǹpútà tó ń bá yín ṣírò owó nínú àwọn àpótí kéékèèké. (LibreOffice Calc náà á ṣe é, ọ̀fẹ́ ni.) Lẹ́tà tó wà lókè àti nọ́ńbà ìlà ni wọ́n fi ń pe àpótí kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ Orúkọ sí A1, Iye ọjà sí B1, Ó san sí C1, Ó kù sí D1. Lábẹ́ wọn: Ìyá Bọ́lá, 18000, 10000. Ẹ má kọ "náírà" mọ́ owó o, ọ̀rọ̀ ló máa kà á sí, kò ní lè ṣírò rẹ̀. Ní D2, ẹ kọ =B2-C2, ẹ tẹ Enter: 8000.

Èyí tó dùn jù rèé. Ẹ kọ́kọ́ kọ orúkọ àti owó àwọn oníbàárà tó kù sábẹ́ Ìyá Bọ́lá. Ẹ padà sórí D2, ẹ wo igun ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún, ẹ máa rí àmì bíńtín kan. Ẹ fi máòsì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ẹ wọ́ ọ wálẹ̀. Gbèsè gbogbo àwọn tó kù á jáde lẹ́ẹ̀kan náà! Bí orúkọ àwọn oníbàárà yín bá dé ìlà 20, ẹ kọ =SUM(D2:D20) sí D21, ẹ máa rí gbogbo owó yín tó wà níta.

Ẹ má tíì ju ìwé nù. Ẹ lo méjèèjì pọ̀ fún oṣù kan, kí ẹ sì máa da fáìlì náà sórí fláàṣì lálẹ́ Sátidé.