Bí a ṣe ń dá gúrúùpù òṣèlú àdúgbò sílẹ̀ lórí WhatsApp, tí ẹnu á sì kò

Ọ̀pọ̀ gúrúùpù òṣèlú ló wà lórí WhatsApp tó jẹ́ pé àwòrán "ẹ káàárọ̀" àti èébú ló kún inú wọn. Ìbò kánsẹ́lọ̀ á dé, á kọjá, wọn ò ní lè tọ́ka sí ohun kan ṣoṣo tí wọ́n jọ fẹnu kò lé lórí. Lójú tèmi, ibi tí wọ́n ti ń jiyàn náà ni wọ́n ti fẹ́ pinnu, ìyẹn ló ń bà á jẹ́. Ẹ ya méjèèjì sọ́tọ̀.

Kí ẹ tó fi ẹnikẹ́ni sínú gúrúùpù, ẹ kọ ìdí tí ẹ fi dá a sílẹ̀ ní gbólóhùn kan: "Àwa ará òpópónà yìí fẹ́ mú ohun mẹ́ta tí a ó bèèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó bá ń du ipò kánsẹ́lọ̀ ní wọ́ọ̀dù wa." Ẹ fi òfin díẹ̀ tì í: kò sí èébú, kò sí ìròyìn tí a ò mọ ibi tó ti wá. WhatsApp gba 1,024 ènìyàn nínú gúrúùpù kan, àmọ́ ẹni tí ẹ mọ ilé rẹ̀ nìkan ni kí ẹ fi síbẹ̀.

Ẹ yan ádímìn mẹ́ta, kí wọ́n má jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú kan náà. Bí gbogbo wọn bá jẹ́ ti APC tàbí ti PDP, lọ́jọ́ tí wọ́n bá yọ alágídí kan, ta ló máa gbà pé torí èébú ni?

Ó wá ku àríyànjiyàn, ibẹ̀ niṣẹ́ wà. Ní 2015, nígbà tí awuyewuye bẹ́ sílẹ̀ lórí Uber àti àwọn awakọ̀ takisí ní Taiwan, ètò kan tí wọ́n ń pè ní vTaiwan gbé ọ̀rọ̀ náà sórí Pol.is, ìkànnì kan tí wọ́n fi ń gba èrò àwọn ènìyàn. Níbẹ̀, o lè kọ èrò tìrẹ, o lè tẹ̀ ẹ́ pé o fara mọ́ ti ẹlòmíràn, pé o ò fara mọ́ ọn, tàbí kí o fò ó. Èsì nìkan ni o ò lè fọ̀. Níbi tí kò ti sí èsì, ibo ni ìjà fẹ́ gbà wọlé? Tọ̀tún-tòsì rí i nígbẹ̀yìn pé àwọn jọ fẹ́ kí ọkọ̀ tó ń gbé èrò ní ìwé adójútòfò.

Ẹ lè ṣe irú rẹ̀ lórí WhatsApp. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì títí di alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ẹ sọ ọ́ di pé ádímìn nìkan ló lè kọ̀wé. Kí oníkálukú fi èrò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ádímìn ní ìlà kan, kí ádímìn gbé e síta láìfi orúkọ sí i, kí àwọn tó kù sì fi àtàǹpàkò dáhùn, ti òkè tàbí ti ìsàlẹ̀. Bí ẹnìkan bá kọ ọ́ pé "Gọ́tà ti dí, tiransifọ́mà sì ti jó," èrò méjì nìyẹn, ẹ pín in. Èyí tí àtàǹpàkò òkè bá pọ̀ lórí rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ onílé àti ayálégbé ni kí ẹ gbé lọ fún ìdìbò.

Ẹ ṣí ìdìbò sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì, torí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́. Ìdìbò WhatsApp gba ohun tó tó 12 tí èèyàn lè mú nínú wọn. Ẹ pa ibi tó ní èèyàn lè mú ju ẹyọ kan lọ. Ẹ tún rántí pé orúkọ ẹni tó dìbò sábà máa ń hàn. Ayálégbé tí onílé rẹ̀ jẹ́ alága ẹgbẹ́ òṣèlú ò ní sọ tinú rẹ̀ níbẹ̀, ẹ má tan ara yín. Ọ̀rọ̀ tó bá gbẹgẹ́ bẹ́ẹ̀, bébà tí a ká, tí a jù sínú àpótí nípàdé ló dáa jù. Bébà yìí kan náà ni ẹ ó gbé lọ bá ìyá tó ń lo fóònù kékeré.

Ẹ ti sọ iye tó gbọ́dọ̀ dìbò kó tó di ìpinnu ṣáájú, kì í ṣe lẹ́yìn tí èsì bá jáde. Tó bá ti jáde, ẹ so ó mọ́ òkè gúrúùpù fún 30 ọjọ́. Ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, kí ẹ mú un lọ fún gbogbo olùdíje lọ́jọ́ kan náà, kí ẹnikẹ́ni má lọ sọ pé ẹgbẹ́ kejì ló rán yín.