Bí mo ṣe yan erékùṣù tá a lọ lẹ́yìn Ojúde Ọba

Dádì Tóbi ló ní ká fi ọdún kẹẹ̀ẹ́dógún ìgbéyàwó wa lọ sinmi ní erékùṣù kan, ká lọ jókòó sétí òkun, kò ní sí òde, kò ní sí aṣọ ẹbí. Inú mi dùn débi pé mi ò sùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Aṣọ ni mò ń tà l'Ókè-Ajé níbí n'Íjẹ̀bú-Òde, ìsinmi tí mo mọ̀ kò ju kí n lọ kí àbúrò mi l'Ékòó. Àmọ́ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá a lórí fóònù, gbogbo ẹ̀ ló jọra wọn, iyanrìn funfun, omi aró, igi àgbọn tó tẹ̀ sórí omi, mo fi odindi oṣù kan wo fọ́tò, mi ò rí ìkankan mú. Dádì Tóbi á ní "Ìyá Tóbi, èwo lo wá mú?", màá ní ẹ ṣì fún mi láyè díẹ̀.

Oṣù tá a fẹ́ lọ ló là mí lójú. A ò lè kúrò nílé kí Ojúde Ọba tó kọjá, régbérégbé Dádì Tóbi, ìyẹn ẹgbẹ́ ọjọ́ orí wọn, ń jáde, aṣọ ti wà lọ́dọ̀ télọ̀, ọjọ́ 8 oṣù kẹfà ló sì bọ́ sí lọ́dún 2025. Ìyẹn ni pé ìparí oṣù kẹfà la máa tó lè gbéra. Mo bá kọ "ìparí oṣù kẹfà" gàdàgbà sórí ìwé, mo wá ń bi erékùṣù kọ̀ọ̀kan pé báwo lojú ọjọ́ ẹ ṣe máa ń rí nígbà yẹn.

Maldives ni Dádì Tóbi ń fẹ́, torí àwọn ilé tí wọ́n kọ́ sórí omi níbẹ̀. Wọn kì í gba físà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó gbéra, ibẹ̀ yẹn dáa, àmọ́ láti oṣù karùn-ún dé oṣù kẹwàá lòjò àti ìjì máa ń dà wọ́n láàmú jù. Ajẹ́ǹtì kan wá fún mi ní iye kan, iye yẹn ò le rárá, ọkàn mi ti ń fà sí i. Mo ní báwo la ṣe máa ti Malé, olú-ìlú wọn, dé hòtẹ́ẹ̀lì? Ìgbà yẹn ló tó sọ pé bàálù kékeré tó ń bà sórí omi la máa wọ̀, owó ẹ̀ ò sì sí nínú èyí tó kọ́kọ́ sọ. Èmi náà lọ kà á, mo rí i pé bàálù yẹn kì í fò lálẹ́, tá a bá balẹ̀ nírọ̀lẹ́ a máa sanwó ibi tá a máa sùn mọ́jú. Ó dùn mí gan-an, kì í ṣe torí owó, bó ṣe jẹ́ pé bí mi ò bá bèèrè kò ní sọ ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bèèrè bẹ́ ẹ ṣe máa ti pápákọ̀ òfurufú dé orí bẹ́ẹ̀dì yín kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀.

Seychelles, atẹ́gùn máa ń le níbẹ̀ láàárín oṣù kẹfà sí ìkẹsàn-án, òkun apá kan á máa ru. Mauritius, ìgbà òtútù wọn nìyẹn. Cape Verde ò ní ká gba físà torí ECOWAS, mo fẹ́ràn ìyẹn, àmọ́ ilẹ̀ gbígbẹ ni Sal, ọ̀kan nínú àwọn erékùṣù wọn, igi tútù lojú mi ń wá.

Zanzibar ní Tanzania ló kù. Òjò ńlá wọn máa ń tán nínú oṣù karùn-ún, oṣù kẹfà á tutù lára, a sì lè gba Addis Ababa ní Ethiopia débẹ̀, bàálù méjì péré.

Mo rò pé mo ti parí iṣẹ́ ni, àfi ìgbà tí mo rí i pé ẹ̀gbẹ́ tá a máa sùn sí pàápàá ṣe kókó. Lápá ìlà oòrùn, ní Paje àti Jambiani, tí òkun bá fà, ó máa fà lọ jìnnà gan-an ni. Mo ní kí hòtẹ́ẹ̀lì kan níbẹ̀ fi fídíò ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp nígbà tómi bá fà, wọ́n sì fi ránṣẹ́ lóòótọ́. Ọkọ̀ ojú omi dùbúlẹ̀ sórí iyanrìn, àwọn obìnrin ká ìró sórúnkún, wọ́n ń tú koríko òkun tí wọ́n gbìn kúrò lára okùn tí wọ́n ta mọ́ igi, ọ̀kan ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu iyọ̀ kúrò lójú. Mo wò ó tó ìgbà mẹ́rin. Ó wù mí, àmọ́ Dádì Tóbi fẹ́ wẹ̀ nígbàkúùgbà, la bá mú Nungwi lápá àríwá, níbi tómi kì í ti í fà jìnnà tó bẹ́ẹ̀, òru mẹ́rin, a wá sun méjì ní Stone Town, ìlú àtijọ́ tó wà ní Zanzibar.

Físà la kọ́kọ́ gbà ká tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, a mú yẹ́lò kádì, ìwé àjẹsára ibà pọ́njú, dání, a sì ra ìnṣọ́ránsì tí ìjọba Zanzibar sọ di dandan láti oṣù kẹwàá ọdún 2024, dọ́là 44 lórí àgbàlagbà kan.

Lọ́jọ́ karùn-ún wọ́n mú wa lọ sóko èròjà ọbẹ̀. Ọkùnrin tó ń mú wa yíká já ewé kan, ó rún un lọ́wọ́, ó ní ká gbóòórùn ẹ̀. Mi ò tíì gbé e dé imú tán tí mo fi ní "Kànáfùrù!" Ó rẹ́rìn-ín, ó pè é lédè Swahili, ó ní "Karafuu." Kílò kan gbáko ni mo rà fún ìyá mi.