Kí ẹ tó gun ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì

Ẹ̀yin ará wa ní Ìlú Ọba, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń mọ́mọ jáde lópin ọ̀sẹ̀: bẹ́ ẹ bá rí ilé agogo ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ṣí fún àlejò, ẹ wọlé. Àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan okùn kankan. Okùn tó kàn rọ̀ jẹ́ẹ́ níwájú yín yẹn, agogo rẹ̀ lè ti dúró lókè, kí ẹnu rẹ̀ dojú kọ ọ̀run. Ẹ fà á díẹ̀ báyìí, agogo tó lè wúwo ju màlúù lọ á yí bìrí, okùn á sì gbé èèyàn kúrò nílẹ̀.

Bí wọ́n bá ń lù ú, ẹ jókòó, ẹ gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, ẹ má kọ́ wọn léra, kí okùn má bàa há mọ́ ọn. Ẹ má sì bá ẹni tó ń fa okùn sọ̀rọ̀. Kì í ṣe orin ni wọ́n ń lù, iye ni wọ́n ń kà: bí agogo ṣe ń tẹ̀ léra ni wọ́n ń pààrọ̀. Agogo mẹ́fà lè tò ní ọ̀nà 720. Méje, 5,040, lílu gbogbo rẹ̀ sì ń gba bíi wákàtí mẹ́ta láìdáwọ́ dúró, láìtún ọ̀kankan tò lẹ́ẹ̀mejì. Ó wù mí gan-an!

Àtẹ̀gùn ibẹ̀ máa ń tóóró, ó sì máa ń lọ́. Ẹ wọ bàtà pẹlẹbẹ, ẹ má pọn ọmọ gòkè. Ìrọ̀lẹ́ àárín ọ̀sẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lu agogo máa ń dánra wò; ẹ wo pátákó ìfilọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì.