Bí a ṣe ń pa àpótí NAS ilé láti ọ̀nà jíjìn

Ẹni tó bá kó fọ́tò ọmọ àti ìwé iṣẹ́ sínú àpótí NAS (àpótí tó ní háàdì dísìkì nínú, tí a fi ń tọ́jú fáìlì lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ilé) nílé rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ mọ̀ pé iná ọba kì í dágbére kó tó lọ. Bí bátìrì inverter bá kú lójijì nígbà tí háàdì dísìkì ń kọ nǹkan lọ́wọ́, fáìlì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lè bàjẹ́, bó bá sì burú, ètò tó so dísìkì wọ̀nyẹn pọ̀ lè dàrú. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí onílé lè pa á wọ́ọ́rọ́wọ́ bó tilẹ̀ wà n'Ìbàdàn.

Ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí ni kí a tó jáde nílé. A óò fi VPN (ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tó gba orí íntánẹ́ẹ̀tì dé ilé), bíi Tailscale, sórí àpótí náà àti sórí fóònù wa, a óò sì fi àkáǹtì kan náà wọlé sórí méjèèjì. Àwọn kan a kúkú ṣí ojú ọ̀nà (port) 5000 tàbí 5001 ti Synology, irú àpótí NAS tí mò ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí, sílẹ̀ gbayawu lórí ráútà. Èmi kò jẹ́ gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn bẹ́ẹ̀, nítorí pé ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2022, àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì fi Deadbolt, ètò ìjàǹbá kan, ti fáìlì àwọn tó ní àpótí QNAP (irú NAS mìíràn) pa, wọ́n sì ń béèrè Bitcoin kí wọ́n tó ṣí i. Bí a bá ti fi VPN sí i tán, kí a pa Wi-Fi fóònù, kí a fi dátà wò ó bóyá a ó dé orí àpótí náà, nítorí Wi-Fi ilé á gbé wa débẹ̀ bí VPN ò tilẹ̀ ṣiṣẹ́.

Nígbà tí ọjọ́ bá pé, a óò tan VPN, a óò kọ https://, àdírẹ́sì tí Tailscale fún àpótí náà, àti :5001. A óò kọ́kọ́ wò ó bóyá ó ń ṣe ẹ̀dà fáìlì tàbí ó ń yẹ dísìkì wò. Bí kò bá sí, a óò tẹ àwòrán ènìyàn tó wà lókè lápá ọ̀tún, a óò sì mú Shut Down. Kí ọwọ́ má ṣèèṣì ba Restart tó wà nítòsí rẹ̀. Ẹni tó ti tan SSH (ọ̀nà tí a fi ń kọ àṣẹ ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ láti òkèèrè) tẹ́lẹ̀ lè kọ sudo poweroff.

Ojú ewé yóò já, ṣùgbọ́n kò túmọ̀ sí pé dísìkì ti dúró. Iná ara àpótí ni ẹlẹ́rìí. Èmi a máa pe ìyá mi nílé:

“Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo iná ara àpótí yẹn. Ẹ má tíì fa wáyà o.”

“Ó ṣì ń ṣẹ́jú.” Ó pẹ́ díẹ̀. “Ó ti sùn.”

Bó bá ti sùn, Tailscale orí rẹ̀ sùn pẹ̀lú, a kò sì lè pè é mọ́. Wake-on-LAN, ìpè orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó ń jí ẹ̀rọ tó sùn, lè jí i bí a bá ti tan án tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n inú ilé ni a ti ń fi ìpè rẹ̀ ránṣẹ́, nítorí náà ó ń fẹ́ ẹ̀rọ kékeré mìíràn tí kì í sùn, bíi Raspberry Pi. Ẹni tí kò ní in á bẹ ará ilé kó tẹ bọ́tìnnì. Èmi lẹ pépà pupa sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àpótí wa, kí Màámi má baà lọ tẹ ti ráútà.